Ṣé ẹnì kan náà ni Mahdi, Mèsáyà àti Kalki?

Télọ̀ Kubwa:
Ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Sátidé. Kò síná, mo ń fọwọ́ rán ọrùn jalamíà funfun kan, sùtánà funfun kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Málàm tó ni jalamíà jókòó tì mí, wọ́n ń sọ bí Mahdi, aṣáájú tí àwọn Mùsùlùmí ń retí, ṣe máa dé tí òdodo á kún ayé. Màmá tó ni sùtánà wọlé, wọ́n ní Jésù ló ń bọ̀, lórí ẹṣin funfun, pé ó wà nínú Ìfihàn orí 19. Ará Íńdíà kan tó wá gé ṣòkòtò bá rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn náà ń retí Kalki, ẹṣin funfun lòun náà máa gùn! Màmá ní ẹnì kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Málàm ní ká má da ẹ̀sìn pọ̀. Kí lẹ rí sí i? Mùsùlùmí ni bàbá mi, onígbàgbọ́ ni ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi.

Ará Lugbe:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹṣin funfun ò tó ẹ̀rí. Ẹṣin lọba ayé àtijọ́ ń gùn lọ sógun, àbí kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ fẹ́ kí wọ́n gùn? Iṣẹ́ tí kálukú ń bọ̀ wá ṣe ni kẹ́ ẹ wò. Àwọn Híńdù ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá tí Vishnu, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́run wọn, máa gbé ara wọ̀ wá sáyé ni Kalki; á fòpin sí sáà burúkú, sáà rere á tún bẹ̀rẹ̀, ayé á sì tún máa yí lọ. Ti Ìfihàn kì í yí padà, ìdájọ́ ni, ó tán.
Mèsáyà fúnra rẹ̀, oyè ni: ẹni tí a ta òróró sí lórí. Ẹ ṣí Aísáyà 45:1, Kírúsì ọba Páṣíà ni wọ́n fi pè níbẹ̀, kì í sì í ṣe Júù.

Ọmọ Ìlọrin, Sókótó:
Ẹnu àwa Mùsùlùmí gan-an ò kò. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wa, Mahdi yàtọ̀ sí Ànọ́bì Isa, àwọn méjèèjì ló ń bọ̀. Isa, ìyẹn Jésù, ni Kùránì pè ní Al-Masih, ìyẹn Mèsáyà. Inú hádíìsì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànọ́bì Muhammad, la ti bá ọ̀rọ̀ Mahdi. Ọ̀pọ̀ Ṣíà, ìyẹn ẹ̀ka Mùsùlùmí kan, ní wọ́n ti bí Mahdi tipẹ́, ó fara pamọ́ ni. Àwọn Ahmadiyya, tí wọ́n ti wà l'Ékòó láti 1916, ní ẹnì kan ló gba oyè méjèèjì, Mahdi àti Mèsáyà: Mirza Ghulam Ahmad ará Qadian, tó kú ní 1908.
Nítòsí ibi tí mò ń gbé yìí, ọ̀rọ̀ náà ti la ẹ̀jẹ̀ lọ. Shehu Usman dan Fodio ti sọ pé òun kọ́ ni Mahdi, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń retí. Òyìnbó gba Sókótó ní 1903. Ní 1906, àwọn ará abúlé Satiru dìde nítorí Mahdi, wọ́n ṣẹ́gun òyìnbó ní Fẹ́búárì. Nígbà tó di Máàṣì, òyìnbó padà wá, wọ́n pa abúlé náà run, Sókótó sì wà lẹ́yìn òyìnbó.

Télọ̀ Kubwa:
Ẹ ṣé gan-an. Màmá wá gba sùtánà lánàá, mo ní kí wọ́n ṣí Aísáyà. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n ní àwọn máa bi wòlíì àwọn. Málàm ò tíì wá. Jalamíà ku bọ́tìnnì méjì, iná sì ti dé.