Àbúrò mi fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé fún ilé iṣẹ́ orin, ṣé kí n gbà fún un?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Látìgbà tí bàbá wa ti kú ló ti ń bá àwọn ọmọ ìta rìn ní Ṣábó. Kò lọ iléèwé mọ́, ọlọ́pàá ń gbé e, àwa là ń sáré kiri. Orin ló fà á kúrò níbẹ̀, kì í ṣe ẹnu wa. Ó ti ń kọ́ṣẹ́ fọkanáísà báyìí ní Lágere. Bó bá délé lálẹ́, á fi aṣọ ìbora bo orí àti fóònù pọ̀, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má bàa wọnú orin tó ń gbà sílẹ̀. Á làágùn títí. Ohùn rẹ̀ dùn, ẹ gbà mí gbọ́.

Ọkùnrin kan gbé ìwé àdéhùn wá láti Èkó: ọdún méje, àwọn ló ni gbogbo orin, kó tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ọkàn mi ò balẹ̀. Bí mo bá sì ní kó má ṣe é, ẹ̀rù ń bà mí kó má padà sí Ṣábó. Kí ni kí n ṣe?

Àlàbá Mọ̀òrè: Ẹ jẹ́ kó tọwọ́ bọ̀ ọ́ jàre. Ọmọ tó ti bọ́ lọ́wọ́ ìta, ẹ tún fẹ́ dá a dúró?

Ìyá Ìbejì: Ọdún méje ńkọ́, Àlàbá? Àǹtí, kó má fi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ o. Asake àti Fireboy DML, OAU níbí làwọn méjèèjì ti kàwé. Bó bá wù ú láti padà síléèwé, ẹ ràn án lọ́wọ́.

Lọ́yà Modákẹ́kẹ́: Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lára orin: ti ẹni tó kọ ọ́, àti ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní másítà. Ẹ wò ó bóyá méjèèjì ni wọ́n fẹ́ kó. Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó náà dáadáa. Owó sítúdíò àti ti fídíò, gbèsè ni wọ́n sábà máa ń kà á sí. Wọ́n á yọ ọ́ tán nínú ohun tí orin bá pa kí olórin tó rí kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí lọ́yà rí ìwé rẹ̀, ẹ bi í pé kí ló ń sá fún.

Bọ̀dá Ìlódè: Ẹ̀rù Ṣábó yẹn yé mi. Oògùn olóró ni 50 Cent, olórin ráàpù Amẹ́ríkà nì, ń tà ní Queens ní New York ní kékeré. Lọ́dún 2000, ọta ìbọn mẹ́sàn-án ló bà á, ilé iṣẹ́ orin tó wà sì já a sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin jáde fúnra rẹ̀, Eminem tóun náà jẹ́ olórin ráàpù gbọ́ ọ, nígbà tó fi di 2003, ayé ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má ní kó dẹ́kun orin. Ìwé yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ ní kó dúró.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Lọ́yà, mo ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yín. Ó jókòó tì mí, ó ní kí n bi yín bóyá èyí tó ti gbé sórí TikTok wà lára “gbogbo orin”.

Lọ́yà Modákẹ́kẹ́: Mo ti kà á. Wọn ò yọ ìyẹn náà sílẹ̀. Kó má tọwọ́ bọ nǹkan kan. Ẹ jọ wá rí mi lọ́la.