“Pààrọ̀ kámẹ́rà” kọ́ là ń ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ̀gbọ́n tó dábàá pé “pípààrọ̀ kámẹ́rà” ni ká máa pe iṣẹ́ ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ilé yan èyí tí aráyé máa rí nínú kámẹ́rà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹni tó bá pààrọ̀ táyà, ti tẹ́lẹ̀ ti kúrò nídìí ọkọ̀ nìyẹn. Kámẹ́rà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá so mẹ́ta mọ́ kọ̀ǹpútà tí OBS (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yan àwòrán kámẹ́rà) wà lórí rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń da àwòrán sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, à báà yàn wọ́n, à báà má yàn wọ́n.

Níbi ìwúyè kan ní Iléṣà, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà pariwo pé “Pààrọ̀ kámẹ́rà kejì!” Ọmọ tó dúró ti kámẹ́rà náà sáré tú u kúrò lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń bèèrè èyí tí òun máa gbé síbẹ̀. Àjà gbọ̀ngàn ni àwọn ará ilé tó ń wò wá láti Jámánì rí.

“Ayanwòrán” tí ẹnìkan mú wá fún ẹni tó ń ṣe é dára lórí ìwé. Ẹ pè é níbi tí dùndún ti ń dún: “ayàwòrán” ni wọ́n máa gbọ́, onífọ́tò á sì dáhùn.

“Bọ́ sí” ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. “Ẹ bọ́ sí kejì.” Ó yá lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ṣáà máa ń bọ́ sí gbangba. Bí ọ̀kan bá máa rọra parẹ́ kí èkejì hàn, “ẹ yọ́ sí kejì.” Yọ́ yẹn wù mí: nǹkan tó ń yọ́ wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń yọ́ wọlé náà wà níbẹ̀.

Orúkọ ẹni tó ń ṣe é ló kù. “Atọ́kùn àwòrán” ò lè ṣe é. Atọ́kùn eégún ti di atọ́kùn ètò lórí rédíò tipẹ́, ìkẹta á dà á rú. “Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà” gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bèèrè rẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbi ìnáwó èyíkéyìí, wọ́n á nawọ́ sí i.