Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí a ta ẹ̀tọ́ ilé kíkọ́ lórí oko wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé tó wà ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Èmi àti ọkọ mi ní oko éékà 60 ní Howard County. Àgbàdo, ilá àti tẹ̀tẹ̀ la ń gbìn síbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ilé tà kò yéé kan ilẹ̀kùn wa. Oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti di ilé àti títì ọ̀dà, ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá ti wò ó.

Wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ lè ra ẹ̀tọ́ ilé kíkọ́ náà lọ́wọ́ wa, ohun tí wọ́n ń pè ní easement. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiwa, a lè tà á, ọmọ lè jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n oko ni yóò máa jẹ́ títí láé. Mo mọ̀ pé ètò yìí ti pẹ́: Suffolk County ní New York ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1974. Ní 1989, Howard bẹ̀rẹ̀ sí í san án lọ́nà mìíràn: èlé lórí owó náà ni wọ́n ń san lọ́dọọdún, ojú owó gan-an di ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó bá ti ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ṣé owó díẹ̀díẹ̀ yìí kò ni yín lára? Ṣé wọ́n gbà kí ọmọ yín kọ́ ilé kan síbẹ̀? Àkọ́bí wa ló ń bá wa dáko, ibẹ̀ ló sì fẹ́ máa gbé. Bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn ń bi mí lórí fóònù bóyá ọgbọ́n ni wọ́n fẹ́ fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa. Mo fẹ́ rí èsì tó dájú fún bàbá mi kí a tó fọwọ́ sí ìwé.