Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n (oṣù kọkànlá ọdún 2020, àsìkò àìsàn kòrónà)

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú gúrúùpù wa. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ fi orí jì mí.

Láti oṣù kẹsàn-án tí mo ti dé ìlú yìí (àríwá England ni), mi ò tíì rí olùkọ́ kankan lójúkojú. Orí Zoom ni gbogbo ẹ̀kọ́. Olùkọ́ á béèrè ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Gbogbo wọn ti pa kámẹ́rà, orúkọ lásán lẹ ó máa rí nínú àpótí dúdú. Bẹ́ẹ̀, owó yàrá pé ṣánṣán ni bàbá mi san.

Àwa mẹ́fà la jọ ń lo kíṣìnì kan. Òfin kòrónà ní agboolé kan ni wá. Agboolé wo ni wọn kì í ti í kíra wọn? Tí mo bá wọlé, ẹnu gbogbo wọn á pa. Ọ̀kan á se pásítà, á fi ìkòkò sílẹ̀ nínú síńkì títí á fi bu. Wọ́n fi ọtí kún fìríìjì, ọbẹ̀ mi ò ráyè. Lánàá mo dín dòdò, ẹnìkan kàn wọlé ṣí fèrèsé gbayawu, nínú òtútù yìí, kò sọ nǹkan kan. Inú yàrá ni mo ti ń jẹun báyìí. Wọ́n tún ti ìlú pa láti ọjọ́ 5 oṣù yìí, ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá ò sí. Mọ́mì mi ní kí n máa gbàdúrà. Mò ń gbà á. Ṣé kí n kúkú máa bọ̀ nílé ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Lọ́dún 1988 tí èmi dé London, yàrá mi ò ní híta. Owó ẹyọ la fi ń pe ilé nínú àpótí tẹlifóònù. Kí n tó kí ìyá mi kí n kí bàbá mi, owó ti tán. Mò ń ṣe kílínà lóru, mo ń lọ síléèwé láàárọ̀. Jẹun dáadáa, gbàdúrà, má bá wọn mutí.

Ayọ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúpẹ́ o. Láti oṣù kẹta ni ASUU ti daṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà níbí. Kò sí Zoom, kò sí kíláàsì. Ọdún kìíní lèmi náà wà o, ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ni mo ti ń ta káàdì ìpè.

Bọ̀dá Láńre: Ayọ̀, ta ló ní ká wá fi ìyà díje? Àbúrò, kì í ṣe ìwọ nìkan. Ọjọ́ 5 yẹn gan-an ni wọ́n fi ọgbà irin yí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ká ní Fallowfield, Manchester. Lálẹ́ ọjọ́ náà làwọn ọmọ wó o lulẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú wọn gan-an ò lè fara dà á. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọ́: ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn kì í ti í bá ọ sọ̀rọ̀?

Ìyá Ìbejì: Láńre, jẹ́ kí ọmọ sinmi, o kì í ṣe ọlọ́pàá. Ọmọ mi, gbàdúrà o.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ ṣé mọ́mì, mi ò mutí rí. Bọ̀dá Láńre, rárá. Níbẹ̀rẹ̀ a jọ ń wo fíìmù, ọ̀kan ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ ìfọṣọ. Oṣù kẹwàá ni wọ́n yí padà.

Nọ́ọ̀sì Tóyìn: Kí ló ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹwàá?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹni tó kọ sí ínbọ́ọ̀sì mi pé kí n ra fìríìjì kékeré, ẹ ṣé, wọn ò gbà á níbí.

Bọ̀dá Láńre: Oṣù kẹwàá, àbúrò.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ó dáa. Wọ́n ṣe pátì ní kíṣìnì. Àwa mẹ́fà tá à ń gbébẹ̀ ti pé iye tí òfin gbà, wọ́n tún kó èèyàn rẹpẹtẹ wọlé. Èmi ni mo pe síkiọ́rítì. Físà ni mo fi wà níbí! Tí ọlọ́pàá bá kọ orúkọ gbogbo wa ńkọ́? Wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn. Mi ò rí ohun tí mo ṣe tó burú níbẹ̀.

Ayọ̀: Háà! Ẹ fẹjọ́ wọn sùn, ẹ tún ń retí kí wọ́n máa kí yín?

Ìyá Ìbejì: Ó ṣe é dáadáa! Àìsàn tó ń pààyàn ni wọ́n ń fi ṣeré. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà nínú àwọn tó bá a lọ lóṣù kẹrin.

Bọ̀dá Láńre: Ẹ pẹ̀lẹ́ mọ́mì, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ ire. Àbúrò, o ò kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Nínú ariwo yẹn? Ta ló máa gbọ́?

Nọ́ọ̀sì Tóyìn: Pátì ti kọjá. Kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó fún ọ ní yàrá, ní kí wọ́n gbé ọ lọ sí fláàtì mìíràn. Tètè kọ ọ́, torí láti ọjọ́ 3 sí 9 oṣù kejìlá ni ìjọba ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sílé; ìwọ nìkan ló máa kù síbẹ̀. Wádìí bóyá Nightline wà níléèwé yín. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìẹ ló máa ń gbé fóònù lóru, wọn kì í béèrè orúkọ. Òfin sì ṣì gbà kí o bá ẹnìkan láti ilé mìíràn rìn níta. Kọ orúkọ ìlú rẹ sí ínbọ́ọ̀sì mi, má kọ ọ́ síbí. Tó bá jẹ́ tòsí mi, mo ráyè lọ́jọ́ Àìkú.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Mo ti kọ ọ́, àǹtí. Màá kọ̀wé sí ọ́fíìsì lọ́la. Àmọ́ mi ò ní bẹ̀ wọ́n o.

Ayọ̀: Tí ẹ bá dé fláàtì tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa nọ́ńbà síkiọ́rítì rẹ́.

Bọ̀dá Láńre: Ayọ̀, máa lọ ta káàdì rẹ.