Òǹtẹ̀ wo, ta ló tẹ̀ ẹ́?

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Sùúrùlérè kọ̀wé lánàá pé ká máa pe timestamp, àkókò tí kọ̀ǹpútà ń kọ sára ohun tó bá dé, ní "òǹtẹ̀-àkókò", ká sì máa pe dráífà Wi-Fi, ètò tó ń darí káàdì Wi-Fi, ní "awakọ alailokun". Bí wọ́n ṣe kọ èyí tó kẹ́yìn yẹn nìyẹn, láìfi àmì kan sí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe fẹ́ kà á? Bó bá jẹ́ okùn lẹ ní lọ́kàn, mo gbọ́. Bó bá jẹ́ okun, a jẹ́ pé ó ti rẹ awakọ̀ náà, kó lọ sinmi. Bó bá jẹ́ òkun, ẹ wá ṣàlàyé fún àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó bí èèyàn ṣe ń jẹ́ aláìlókun níbí. Ká tiẹ̀ fi àmì sí i dáadáa, ewúrẹ́ tó já ni mò ń rí.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló gbé mi dìde. Òǹtẹ̀ ni. Gbogbo wa la ń sọ pé wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Ohun tí wọ́n fi lù ú, tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, òun ni òǹtẹ̀. Ohun tó kù sórí ìwé, àmì rẹ̀ ni. Ẹ wo "òǹ-" yẹn: òǹkọ̀wé, òǹtajà, òǹdìbò, ẹni tó ń ṣe nǹkan ni. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sáré mú "òǹkà" wá. Ó dáa, òǹkà kì í ṣe èèyàn, mo gbà. Ta ló wá ń fi òǹkà lu nǹkan? Ẹni tó dábàá "èdìdì" tiẹ̀ tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́: dídì ni èdìdì ń di nǹkan pa, ẹ rántí méje inú Ìfihàn.

Nínú Wi-Fi, kò sẹ́ni tó ń tẹ ohunkóhun. Káàdì Wi-Fi ní aago tirẹ̀, TSF ni wọ́n ń pè é, bíìtì 64 ni fífẹ̀ rẹ̀ (bíìtì kan, àyè fún òdo tàbí ọ̀kan ni), ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń kà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo káàdì ló ń kó bíìtì 64 yẹn lé dráífà lọ́wọ́. Àwọn káàdì Atheros àtijọ́ tó ń lo dráífà ath5k, bíìtì 15 péré ni wọ́n ń fi sára pákẹ́ẹ̀tì, ègé ìsọfúnni, tó bá wọlé. Lẹ́yìn 32,768, ó tún padà sí òdo. Dráífà á wá lọ wo aago ńlá, á yọ bíìtì 15 ìsàlẹ̀ rẹ̀, á fi ti pákẹ́ẹ̀tì dí ibẹ̀. Bí ti pákẹ́ẹ̀tì bá pọ̀ ju èyí tó yọ lọ, aago ti yí lẹ́yìn tí pákẹ́ẹ̀tì dé nìyẹn, á yọ 32,768 kúrò. Bó bá sì pẹ́ jù kó tó lọ wò ó, irọ́ ló máa lẹ̀ mọ́ ọn. Òǹtẹ̀ wo nìyẹn? Aṣọ alábùlẹ̀ ni.

Èyí tí tcpdump, ètò tó ń ṣàfihàn àwọn pákẹ́ẹ̀tì, sì ń kọ síwájú ìlà, kì í sábà jẹ́ ti káàdì rárá. Aago kernel, ọkàn ètò kọ̀ǹpútà, ni, ìgbà tí pákẹ́ẹ̀tì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Mélòó kan lè ti dé kí wọ́n tó jí kernel lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn wá máa jọ ìbejì.

Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún un, kí ọ̀rọ̀ kan tó wa. Wọ́n tún ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ ìyá ìyá mi náà gba ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Èrò kí wọ́n tó bí ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n. Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn ẹ̀wà. Bó bá jẹun tán tó padà dé ló ń kọ aago sínú ìwé: ọkọ̀ mẹ́ta, aago kan náà. Màmá kì í yẹ ìwé rẹ̀ wò. Atukọ̀ ni wọ́n ń bi: "Ìgbà wo lẹ gúnlẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀! Àkókò ìgúnlẹ̀ ni ti káàdì, àkókò ìgbàwọlé ni ti kernel. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ti di akọ̀wé ẹlẹ́wà.

Ibi tí mo ti há rèé. Àwọn káàdì kan ń ka ìgbà tí bíìtì àkọ́kọ́ dé, àwọn mìíràn ń ka ti ìkẹyìn, kernel Linux sì ya wọ́n sọ́tọ̀. Fún pákẹ́ẹ̀tì báìtì 1,500 (bíìtì mẹ́jọ ni báìtì kan) lórí 1 Mb/s, mílíọ̀nù bíìtì kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, orí àti ìdí fi 12,000 jìnnà síra lórí aago TSF. Lójú tèmi, imú ọkọ̀ tó kan èbúté ni ìgúnlẹ̀. Ìgbà tí ìdí rẹ̀ wọlé ńkọ́? Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú tí ẹ mọ omi, kí lẹ̀ ń pe ìyẹn? Ẹ má fi "òǹ-" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o.