Èwo nínú àkójọ orin Ella Fitzgerald ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rà?

Ìbéèrè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Orin ìjọ ni mo ti ń kọ láti kékeré, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ orin jáàsì, olùkọ́ mi sì ní kí n máa gbọ́ Ella Fitzgerald, akọrin jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, títí ohùn rẹ̀ yóò fi mọ́ mi létí. Mo ra àwo kan tí wọ́n kó àwọn orin rẹ̀ tó lókìkí jọ sí. Ó dùn púpọ̀, àmọ́ kò yé mi. Nínú orin kan, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọmọdébìnrin, tí àwọn onífèrè ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ohùn náà ti gbó, fáyólíìnì ló sì gba gbogbo ilẹ̀. Wọn kò kọ ọdún tàbí orúkọ ẹni tó to orin sára páálí rẹ̀. Orin díẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀, kí n sì mọ̀ ọ́n dénú. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Èsì láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ orin kan

Àbúrò, o kú ìsapá. Irú àwo bẹ́ẹ̀ máa ń da iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀ ni. Ọdún 1935 ni Ella kọ́kọ́ kọrin sínú àwo pẹ̀lú ẹgbẹ́ Chick Webb, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Nígbà tó di ọdún 1956, Norman Granz, tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, dá ilé-iṣẹ́ agbórinjáde Verve sílẹ̀, ó sì ṣètò pé kí àkójọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti aṣẹ̀dá-orin kan ṣoṣo, tàbí ti àwọn méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́. Orin Cole Porter 32 ni wọ́n fi ṣí i. Lẹ́yìn náà ni ti Rodgers àti Hart, Duke Ellington, Irving Berlin, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Gershwin, Harold Arlen àti Jerome Kern, kí wọ́n tó fi Johnny Mercer kádìí rẹ̀ ní 1964.

Ti Cole Porter ni kí o rà. Orí ìtàgé eré olórin ní Broadway, ní New York, àti inú fíìmù ni ọ̀pọ̀ àwọn orin wọ̀nyí ti wá, wọ́n sì sábà máa ń ní ẹsẹ ìṣíde tí ọ̀pọ̀ akọrin jáàsì máa ń fò. Nínú àwọn àkójọ yìí, Ella máa ń kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń pe ọ̀rọ̀ ketekete, kì í sì í kánjú dárà. Fara balẹ̀ gbọ́ “Ev'ry Time We Say Goodbye”. Níbi tí ọ̀rọ̀ orin ti mẹ́nu ba ìyípadà láti major (tó sábà máa ń dún bí ayọ̀) sí minor (tó sábà máa ń dún bí ìbànújẹ́), kọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn ohùn tí a lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, náà yí padà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni akọrin mìíràn ì bá ti fa ohùn kí gbogbo ayé lè mọ̀. Ella kò fi ohunkóhun kún un, ìbànújẹ́ inú orin náà sì dé ọ̀dọ̀ wa láìsí ariwo.

Èsì láti ọ̀dọ̀ onídùùrù kan

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí Buddy Bregman kó jọ fún àkójọ yẹn ti pọ̀ jù fún etí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwo tí Ella bá Louis Armstrong, akọrin àti afunfèrè jáàsì, ṣe ní ọdún 1956 kan náà ni èmi yóò fún un. Èèyàn mẹ́rin péré ló ń lù lẹ́yìn wọn: Oscar Peterson lórí dùùrù, Herb Ellis lórí gìtá, Ray Brown lórí béèsì, Buddy Rich lórí ìlù. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ máa tẹ̀ lé béèsì, kí o sì máa kà: ọ̀pọ̀ àwọn orin yìí jẹ́ bar 32 (bar ni ìpín kékeré tí a fi ń ka ìlù orin), tí a pín sí ọ̀nà mẹ́rin, bar mẹ́jọ mẹ́jọ. Àwọn méjèèjì a kọ orin kan náà, síbẹ̀ kálukú ń pín ọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú, èyí sì ni ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù lójú mi.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn

Ẹ má gbàgbé eré tó ṣe ní Berlin ní oṣù kejì ọdún 1960. Ó gbàgbé ọ̀rọ̀ “Mack the Knife” lójú agbo, ó sì hun òmíràn lójú ẹsẹ̀, ó tún sín ohùn Armstrong jẹ. Orin yẹn gba ẹ̀bùn Grammy.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú àrà bẹ́ẹ̀? Ṣé ohùn Ella gan-an ni kí n sì máa lé?

Olùkọ́ orin

Rárá, fi ti Berlin sílẹ̀ ná. Onídùùrù wa sọ òótọ́: fi àwo tòun ti Armstrong mọ ìlù, kí o wá gba ọ̀dọ̀ Porter lọ. Kọ orin náà bó ṣe wà títí tí o fi lè kọ ọ́ láìsí dùùrù, tí kò sì ní yẹ̀. Má fi tipátipá wá ohùn rẹ̀. Ní kí onídùùrù rẹ gbé e sí kíì, ìyẹn ìpele ohùn, tó bá ọ̀fun rẹ mu. Ìwọ tí o ti inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wá, ohùn ńlá ló mọ́ ọ lára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà níwájú Ella, ó sì ń kọrin bí ẹni tó ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ mú lára rẹ̀.