Alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ nílé ìtọ́jú arúgbó: ibo lèèyàn ti ń rí ààyè fún ilé?

Ọmọ Ìlá, Manchester
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa tó wà nídìí iṣẹ́ care ní Ìlú Ọba. Aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀ ni shift. Alẹ́ mẹ́ta ló wà nínú àdéhùn, wọ́n ń fi ìkẹrin kún un, nígbà míì ìkarùn-ún, wọ́n sì ń fọ́n wọn ká: ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àìkú. Ọmọ méjì ń lọ iléèwé, ọkọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Ẹnu ọ̀nà ni tọkọtaya ti ń pàdé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ṣé fọ́ọ̀mù opt-out téèyàn fọwọ́ sí lọ́jọ́ kìíní ṣe é fagi lé? Báwo sì lẹ ṣe ń to ọ̀sẹ̀ yín?

Bàbá Rota
Ó ṣe é fagi lé. Òfin àkókò iṣẹ́ ti ọdún 1998 ní kí iṣẹ́ má ju wákàtí 48 lọ́sẹ̀, ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ 17 ni wọ́n sì fi ń wò ó. Fọ́ọ̀mù yẹn ló yọ yín kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀ ó ti kú, àfi bí fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì lè ju oṣù mẹ́ta. Máníjà ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ fìyà jẹ yín.

Èyí tí wọn kì í sọ fúnni ni pé iṣẹ́ alẹ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀, fọ́ọ̀mù opt-out ò sì kàn án: ìpíndọ́gba wákàtí mẹ́jọ láàárín wákàtí 24. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń pín ọ̀sẹ̀, torí wọ́n ti yọ ọjọ́ ìsinmi kan. Alẹ́ mẹ́rin oníwákàtí 12 jẹ́ 48. Ẹ pín in sí mẹ́fà, ó di mẹ́jọ géérégé. Bí ìkarùn-ún bá wá di àṣà, ó ti kọjá ààlà, kódà bí ẹ bá yọ wákàtí ìjẹun kúrò. Òótọ́ ni pé òfin fún ilé ìtọ́jú láyè díẹ̀, torí a ò lè fi arúgbó sílẹ̀ lóun nìkan, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìsinmi mìíràn dí i fún yín.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Òfin dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ránṣẹ́ owó sílé ò lè gé e lójijì. Ẹ kàn bá mi ṣírò alẹ́ kan: wákàtí 11 tí wọ́n ń sanwó lé, ní £13, £143 ni. Owó orí mú ogún nínú ọgọ́rùn-ún, National Insurance (owó adójútòfò tí ìjọba ń gbà) mú mẹ́jọ. Ó ku bíi £103, a ò tíì yọ epo ọkọ̀ àti oúnjẹ àrà-ọ̀nà tẹ́ ẹ máa rà torí kò sí agbára ìdáná lọ́jọ́ kejì. Ìkarùn-ún ni kí ẹ kọ́kọ́ já. Ẹni tó wà lórí visa, wákàtí tó wà lórí CoS (ìwé ìgbọ̀wọ́ tí agbanisíṣẹ́ fi gbà á wá síṣẹ́) ni kó má fọwọ́ kàn; àfikún ló lè gé.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́
Fífọ́nká yẹn gan-an ló ń pa yín. Alẹ́ mẹ́ta tó fọ́n ká máa ń ba ọjọ́ mẹ́fà jẹ́, torí ọ̀sán tó tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, oorun ló máa gbé e lọ. Ẹ ní kí wọ́n tò wọ́n tẹ̀ léra: ọjọ́ mẹ́rin ló máa jẹ, mẹ́ta á ṣẹ́ kù lódindi.

Lọ́jọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ sun wákàtí kan àbọ̀ lọ́sàn-án. Kọfí ìkẹyìn má kọjá aago méjì òru. Lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára. Tẹ́ ẹ bá délé, oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀bà kọ́. Kọ́tìnnì dúdú, fóònù sí yàrá mìíràn. Lẹ́yìn alẹ́ tó kẹ́yìn, ẹ má sùn di ìrọ̀lẹ́ o. Aago mẹ́sàn-án sí méjìlá àbọ̀ ti tó, ẹ dìde, ẹ bọ́ síta gba ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì tún sùn ní mẹ́wàá alẹ́ bí ará ilé.

Bí ojú bá ń wúwo kí ẹ tó wakọ̀, ẹ sun ogún ìṣẹ́jú nínú ọkọ̀ níbi tẹ́ ẹ gbé e sí. Fèrèsé ṣíṣí àti orin alariwo kì í lé oorun lọ.

Ọmọ Ìlá, Manchester
Ẹ ṣeun gan-an, àǹtí. Ká ní wọ́n ní àwọn ò lè to alẹ́ náà pọ̀ ńkọ́?

Bàbá Rota
Ẹ béèrè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi flexible working, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n yí àkókò iṣẹ́ yín padà, nínú ímeèlì, ẹnu ò tó. Láti 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ lè béèrè láti ọjọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù 12, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín oṣù méjì. Wọn ò lè kọ̀ láìkọ́kọ́ bá yín jókòó sọ ọ́. Ẹ dárúkọ alẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ àti ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ ẹni tó gbà láti ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú yín sí i; ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí máníjà gbà kíákíá.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́
Nílé, ẹ lẹ rota (ìwé tí wọ́n to ọjọ́ iṣẹ́ sí) ẹ̀yin méjèèjì mọ́ ara fíríìjì. Oúnjẹ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni kí gbogbo ilé jọ máa jẹ, kódà lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ ṣì máa débi iṣẹ́ ní mẹ́jọ. Àríyá ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀kan lóṣù tó. Ìpè Nàìjíríà náà, ẹ fún un ní ọjọ́ kan àti aago kan: nígbà ooru níbí (summer) aago wa dọ́gba, nígbà òtútù níbí wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa.